Kíkọ Ẹ̀yà Ẹyẹ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ ẹyẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí la fẹ́ fi orúkọ ẹyẹ ṣe, nígbà tí a kò tíì ka orúkọ ènìyàn tán?" Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ná.

Gbogbo wa la mọ ẹ̀gà aláriwo. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó dúdú, tí ó máa ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi kan náà pẹ̀lú ẹ̀gà aláwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá wo akọ rẹ̀ dáadáa nílẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn àti ikùn rẹ̀ pupa bí obì gbígbẹ. Láti Sierra Leone títí dé gúúsù Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Kamẹrúùnù, dúdú ni akọ láti orí dé ìrù. Ẹyẹ kan náà ni o, ẹ̀yà méjì ni. Ṣé Yorùbá ni Ìjẹ̀bú, Yorùbá náà sì ni Èkìtì? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lanu, ẹ ti mọ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi ń sọ èyí. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹyẹ, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹ̀yà. Ploceus nigerrimus castaneofuscus ni tiwa. Ó lọ́ ahọ́n, àbí? Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò bọ́ sí i.

J. H. Elgood, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ó jáde ní 1982, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1994.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ẹ wo odídẹ. Ta ni kò mọ ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ adé? Odídẹ Liberia àti Sierra Leone kò ní irú rẹ̀. Ó kéré sí tiwa, ìrù rẹ̀ sì pọ́n dúdúdúdú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà wọ́n sí ẹ̀yà méjì ẹyẹ kan. Ní 2012 ni ẹgbẹ́ BirdLife wí pé ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó ti kọ ẹ̀yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò níṣòro. Ẹni tí ó kọ "odídẹ" lásán ńkọ́? Báwo ni a ó ṣe ya tirẹ̀ sọ́tọ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni, nítorí wọ́n ń mú wọn tà. Láti nǹkan bí 1992, odídẹ Gánà ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò ku ju 10 lọ nínú 100. Ní 2016 àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de títa odídẹ igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí aṣọ́bodè bá wá gba odídẹ lọ́wọ́ oníṣòwò, igbó wo ni kí ó dá a padà sí? Ìwé yìí ni yóò sọ fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀gà dúdú, ẹ kọ ọjọ́, oṣù, ọdún, ìlú, àti àwọ̀ ẹ̀yìn akọ. Bí oòrùn bá ń wọ̀ yín lójú, tí ẹ kò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ "ẹ̀gà dúdú" nìkan, kí ẹ fi àyè ẹ̀yà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má méfò. A kì í sì í kọ ẹyẹ inú àgò sí i, nítorí ta ló mọ igbó tí wọ́n ti mú un wá?