Ìbámu, Ìbáramu àti Òtítọ́

Kí ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di òtítọ́? Méjì nìyí lára ìdáhùn àwọn amòye. Àwọn kan ní ìbámu ni: kí ọ̀rọ̀ bá ohun tí ó wà ní ti gidi mu. Àwọn kejì ní ìbáramu ni: kí ọ̀rọ̀ bá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ mu, kí ọ̀kan má ta ko èkejì.

Ẹ wo ìtàn àwọn Òkè Kong. Nígbà tí Mungo Park rìnrìn-àjò dé Odò Ọya, ó rí àwọn òkè kan lókèèrè. Wọ́n ní ilẹ̀ Kong ni wọ́n wà. Ní 1798, James Rennell, ayàwòrán-ilẹ̀ ará Ìlú Ọba, fa àwọn òkè náà gùn gbọọrọ lórí ìwé, ó fi wọ́n la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já. Èyí bá ohun tí ó ti gbà gbọ́ mu rẹ́gí, pé Ọya kì í dé òkun. Àwọn mìíràn ń wo tirẹ̀ yà. Àwòrán ń jẹ́rìí fún àwòrán.

Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Bússà, wọ́n sì bá Ọya lọ títí ó fi gbé wọn dé òkun. Síbẹ̀, àwọn òkè náà kò kúrò lórí ìwé. Ìgbà tí Louis-Gustave Binger, ará Faransé, fi ẹsẹ̀ rin agbègbè Kong láàárín 1887 sí 1889 tí kò bá wọn níbẹ̀ ni àṣírí tú. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Nínú ìwé tí J. O. Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen gbé jáde ní 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n fi hàn pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Ìgbàgbọ́ ni àwọn Òkè Kong, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ìwé bí ìmọ̀.

Èyí kò sọ ìbáramu di aláìwúlò. Kò sí ẹni tí ó lè fojú rí ohun gbogbo. Adájọ́ kò sí níbi ìjà. Ìbáramu ẹ̀rí ni ó fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí mẹ́wàá bá kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀rí kan ni wọ́n jẹ́. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ìwé mẹ́ta tí ó fẹnu kò, kí ó tún béèrè ìbéèrè kan sí i: nínú àwọn tí ó kọ ọ́, ta ni ó débẹ̀?