Nọ́mbà méjì tó wà lára páálí Cotrimoxazole



Oògùn kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Cotrimoxazole ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní Bactrim. Bí ọmọ ń yàgbẹ́, a ra á. Bí ikọ́ dé, a ra á. Bí ara gbóná, a tún ra á. Ṣé a mọ ohun tí à ń gbé mì?

Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan: sulfamethoxazole àti trimethoprim. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn dẹ́rù bà yín. Àwọn kòkòrò àrùn kan máa ń se oúnjẹ kan fúnra wọn kí wọ́n tó lè pọ̀ sí i. Àwa ènìyàn kì í sè é, inú ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ mìíràn la ti ń rí i. Oògùn kìíní ń dí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìsè náà, èkejì ń dè wọ́n lọ́nà níwájú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ọ̀fìnkìn kì í se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Oògùn yìí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ibà náà ní oògùn tirẹ̀.

Ẹ wo ara páálí. Ẹ ó rí 400/80 tàbí 800/160. Nọ́mbà kan fún oògùn kan. Hóró 800/160 kan ṣoṣo tó hóró 400/80 méjì.

Ní kíláàsì wa, dókítà ti ní kí ìyá kan máa lo hóró 400/80 méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Nígbà tó tán, ó lọ rà sí i lórí àtẹ. 800/160 ni wọ́n tà fún un. Ó ṣì ń lo méjì méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ka nọ́mbà náà sókè. Ó dákẹ́. Ó ní: “Áà! Mẹ́rin mẹ́rin ni mo ti ń gbé mì!”

Ẹ tún wá lẹ́tà E, X, P. Oṣù àti ọdún tó tẹ̀ lé e ni oògùn náà parí. Bí ó bá ti kọjá, ẹ má lò ó. Ní 2017, ìjọba kó ọ̀pọ̀ oògùn kúrò ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu. Síbẹ̀, oògùn orí àtẹ kò tíì tán lójú ọ̀nà, oòrùn sì ń pa á. Ilé ìwòsàn tàbí farmasí ni kí ẹ ti rà á.

Oògùn yìí ń fẹ́ omi púpọ̀. Bí omi kò bá tó, ó lè dì bí iyọ̀ nínú kíndìnrín. Mo mọ̀ pé omi ṣòro lórí òkè wa yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bu ti aláìsàn sọ́tọ̀.

Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ sú rí nítorí Fansidar, kó sọ fún dókítà, nítorí ọmọ ìyá ni oògùn inú rẹ̀ àti sulfamethoxazole. Àwọn tó ní àrùn sídà lè máa lò ó lójoojúmọ́, dókítà ló fún wọn. Ẹ má tọrọ nínú tiwọn.

Bí ara bá sú, bí ẹnu bá bó, bí ojú bá pọ́n, bí awọ bá ń lé ròrò, ẹ dá oògùn náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ mú páálí náà dání, kí dókítà lè ka nọ́mbà ara rẹ̀.