Ẹrù Tó Pọ̀jù Lórí Tírélà: Ta Ni Yóò Ru Ẹ̀bi Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Dubai àti Sharjah, ó sì kan ìyàwó àti ọmọ tó ń retí wọn nílé.

Láti ilé la ti mọ ohun tí ẹrù ojú ọ̀nà lè ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kòńténà ṣubú lé bọ́ọ̀sì akérò kan ní Ojúẹlẹ́gba, ní Èkó. Ènìyàn 9 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kàn wọkọ̀ ni.

Níbí náà, ẹ̀yin tó ń gba Emirates Road lójoojúmọ́ ń rí àwọn tírélà wọ̀nyẹn. Bí ẹrù bá ti pọ̀jù, ọkọ̀ kì í tètè dúró. Bíréèkì á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Táyà tó ti gbé ju agbára rẹ̀ lọ, tí ooru oṣù keje tún mú un, bíbẹ́ ló kù. Bí ẹrù bá sì ga, kọ́nà kékeré ti tó láti dojú ọkọ̀ dé.

Òfin kò dákẹ́ o. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ UAE ti fi òpin sí i: ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 65 tọ́ọ̀nù lọ. Òpin ọkọ̀ tó wúwo jù nìyẹn, ti ọkọ̀ kékeré kéré sí i. Òfin ìrìnnà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2025 sọ pé ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá pa ènìyàn lójú ọ̀nà lè lọ sẹ́wọ̀n, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní 50,000 dírámù, tàbí kó gba méjèèjì. Owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní diya tún wà lọ́tọ̀: 200,000 dírámù fún ẹ̀mí kan.

Àwọn kan á ní, "Ìnṣọ́ránsì á san án." Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ó bá hàn pé àpọ̀jù ẹrù ló fa ìjàm̀bá náà gan-an, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sanwó tán kí wọ́n tún padà wá gbà á lọ́wọ́ yín. Gbèsè tó lè dá ìdílé dúró sí ìlú onílùú nìyẹn.

Ọ̀gá lè sọ pé, "Fi díẹ̀ kún un, gbogbo wọn ló ń gbé e." Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ló jókòó sídìí ọkọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Owó díẹ̀ tí wọ́n fi kún iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìrẹ̀ ni.

Nítorí náà, ohun tí a ń rọ̀ yín láti ṣe nìyí:

1. Ẹ béèrè ìwé ìwọ̀n ẹrù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

2. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé àpọ̀jù, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀, kí ẹ sì kọ èsì yín ránṣẹ́ lórí fóònù kó lè di ẹ̀rí.

3. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà.

4. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fìyà jẹ yín nítorí rẹ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, MOHRE, lórí 600590000.

Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ kékeré, ẹ jìnnà sí tírélà. Bí ẹ kò bá rí dígí awakọ̀ rẹ̀, òun náà kò rí yín.

Ẹ̀yin ìyàwó, bí bàbá bá sọ pé òun kọ ẹrù, owó ọjọ́ náà sì dín, ẹ má bá a jà. Ẹ kí i kú oríire pé ó wọlé.

A ò ní rí ìjà ọ̀nà o.