Ibojì Àwọn Baba Wa nínú Ìwé Ìdílé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù, ní Ìsọlọ̀)

Nígbà tí Akọ̀wé ránṣẹ́ pè mí, mo rò pé àṣà ìsìnkú ni a ó ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni bí a ó ti máa kọ ibi tí a sin àwọn òkú wa sí sínú ìwé ìdílé tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nísisìyí, kí ìwé náà má baà máa tako ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí, títí ó fi kan ilé mi.

Ọdún 1938 ni a sin bàbá bàbá mi sí ẹ̀bá oko rẹ̀, ní ìhà ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate lónìí. Àwa mẹ́ta nínú ẹbí ni a dáwọ́ lé ìwé ìdílé, olúkúlùkù ní ibi tí ó ń gbé. Èmi tí mo wà nílé kọ ọ́ pé Isolo Industrial Estate, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a sin ín sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ Ìsọlọ̀, Western Region. Ẹnì kẹta wa, tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà, kọ Lagos, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí a da ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ètò kọ̀ǹpútà náà kò gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó to ọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ tí orúkọ wọn bára mu, tí ọdún ikú wọn bára mu, tí ibojì wọn sì wà ní ibi mẹ́ta. Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni ìbéèrè tí ọmọdé kan nínú ẹbí wa, tí a bí sí òkè òkun, fi ránṣẹ́ sí mi: “Bàbá àgbà, ṣé ilé-iṣẹ́ ni baba ńlá wa ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ikú dé, tí wọ́n fi sin ín síbẹ̀?” Ojú tì mí. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà. Kò rí ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣìnà, nítorí kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wa. Ilẹ̀ Ìsọlọ̀ kò kúrò ní ojú kan rí, ìjọba ni ó ń ṣí lórí rẹ̀. Ní ọdún 1938 inú Kólónì Èkó ni ó wà, ní ìhà Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá sì wí nígbà náà pé òun ń lọ sí Èkó, erékùṣù ni ó ń lọ, kì í ṣe Ìsọlọ̀. Nígbà tí a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ ní ọdún 1954 gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, Ìsọlọ̀ wà lábẹ́ Western Region. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìsọlọ̀ sì bá a lọ. Lónìí, Ìjọba Ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ni a ń kọ. Bí baba bá kú ní 1938, tí ọmọ kú ní 1961, tí ọmọ-ọmọ kú ní 1985, tí a sì sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, orúkọ ìjọba mẹ́ta ni ó tọ́ sí ibojì mẹ́ta tí kò jìnnà sí ara wọn ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ.

Nígbà náà, èwo ni kí a kọ? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń jiyàn pé orúkọ òde òní ni kí a máa lò fún gbogbo òkú, kí ó lè rọrùn láti wá a. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìwé ìdílé kì í ṣe ìwé ọ̀nà nìkan, ẹ̀rí ni. Ẹ̀yin olóyè mọ̀ dájú pé nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, ibojì àwọn baba ńlá jẹ́ ara ohun tí ìdílé fi ń fi hàn pé àwọn ni wọ́n kọ́ dé. Ìwé tí ó bá sọ pé a sin ènìyàn sínú Industrial Estate ní 1938, ọmọ lọ́yà tí kò ì tí ì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò fà á ya lójú adájọ́. Orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ ní ọjọ́ ìsìnkú ni kí a kọ sí àyè ibi. Orúkọ tí ó ń jẹ́ nísisìyí, kí a fi í sí àyè àlàyé, kí ẹni tí ń wá a má baà sọnù.

Àyè wọ̀nyí wà nínú gbogbo ètò tí àwọn ọmọ wa ń lò. Ìjọ tí a ń pè ní Mormon ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 1984, tí wọ́n ń pè ní GEDCOM, kí ìwé ìdílé tí a kọ sínú ètò kan lè ṣeé kà nínú òmíràn. Nínú rẹ̀, ìsìnkú ní ààyè tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí ti ikú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ wà, àti ibi, àti àdírẹ́sì, àti àlàyé, àti nọ́ńbà méjì tí fóònù ń fi hàn, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí a dúró sí gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Ibi ni a ń kọ láti kékeré bọ́ sí ńlá: ìlú, ẹkùn, orílẹ̀-èdè. Ní tèmi, kí orúkọ ìtẹ́ òkú, tàbí ti agbo-ilé bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni a sin ín sí gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe, wà ní àyè àdírẹ́sì. Bí ẹnì kan bá kọ “Atan Cemetery, Yaba” sí àyè ibi, tí ẹlòmíràn kọ “Yaba Cemetery”, tí ẹnì kẹta kọ “Atan, Lagos”, ìtẹ́ òkú kan yóò di mẹ́ta. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú iṣẹ́ yìí kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, nwọ́n ní kí orúkọ ìtẹ́ ṣáájú ìlú. Èmi kò ní bá wọn jà, bí gbogbo ẹ̀ka ẹbí bá ti lè di ọ̀nà kan ṣoṣo mú.

Ọ̀ràn àmì ohùn tún wà níbẹ̀, èyí tí ó ń bí mi nínú díẹ̀. Ẹ̀rọ a máa ka “Isolo” àti “Ìsọlọ̀” sí ìlú méjì. Kódà ẹni méjì lè kọ “Ìsọlọ̀” pípé, kí ojú wa má rí ìyàtọ̀ kankan, kí ẹ̀rọ sì rí i: ẹnì kan tẹ lẹ́tà ọ tí ó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnì kejì tẹ o, ó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mo rí pé ó ń tán an ni kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí kọ orúkọ ìlú ní ẹ̀ẹ̀kan, kí àwọn yòókù máa mú un láti inú àkójọ tí ètò náà ń fi síwájú wọn, láìtún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí èyí fi àmì ohùn sílẹ̀ o!

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn òkú tí ọ̀ràn wọn le. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, a sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó yá, ìjọba pa ìtẹ́ náà rẹ́, ní ọdún 1976 a sì gbé eegun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ti Kristi ní Màrínà. Ẹni tí ó bá kọ Màrínà nìkan ti pa Ajẹ́lẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìlànà náà gbà kí a kọ ìsìnkú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún ẹnì kan, nítorínáà kí a kọ méjèèjì pẹ̀lú ọdún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Bíṣọ́ọ̀bù ní ìjọ tí ó lè gbé e. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ sùn ní Ajẹ́lẹ̀ kò ní ibòmíràn tí orúkọ wọn lè wà lónìí bí kò ṣe nínú irú ìwé tí à ń sọ yìí.

Àìná, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, kú sí Funchal ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí. Ọkọ rẹ̀, J. P. L. Davies, gbé ọwọ̀n òkúta kan ró ní ìrántí rẹ̀ ní Ijọn, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tí ó ní oko kòkó. Ẹni tí ó bá rí ọwọ̀n náà tí ó sì kọ Ijọn sí àyè ìsìnkú ti ṣìnà. Ọwọ̀n ìrántí kì í ṣe ibojì.

Èyí ni ó mú wa padà sí ìtòsí ibi tí a jókòó sí yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, àká ohun ìjà ní bárékè ológun ní Ìkẹjà gbiná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá nínú òkùnkùn, tọkọtaya, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, nwọ́n sì kó sínú kánáàlì Òkè-Afá, èyí tí ewéko omi bò tí ó fi dà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tí ó kú nínú àjálù náà ju 1,000 lọ. A sin nínú wọn pọ̀ ní Òkè-Afá, ọwọ̀n ìrántí sì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn, ẹbí wọn gbé wọn lọ sílé. Àwọn mìíràn sì wà tí a kò rí. Mo mọ ìdílé kan tí ọmọ wọn kò padà wálé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nwọ́n bi mí léèrè bóyá kí àwọn kọ Òkè-Afá sí àyè ìsìnkú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófo, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àyè àlàyé, àti pé ibi ọwọ̀n Òkè-Afá ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ibi tí ọmọ òun sùn sí sílẹ̀ lófo. N kò ní èsì kankan fún un, n kò sì ní in títí di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ èyí tí a kò mọ̀, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè yà á kúrò lára èyí tí a mọ̀.

Ní ti bàbá bàbá mi, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú ìdílé wa tí ó lè na ìka sí ibi tí a sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ti lé ní 90 ọdún. Mo gbé wọn nínú mọ́tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a lọ yí Industrial Estate ká nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí n dúró. Igi ìrókò tí wọ́n fi ń dá ibẹ̀ mọ̀ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ kan ni ibojì náà bọ́ sí. A bẹ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, kò jẹ́ kí a wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń ṣe. Bàbá fi ọ̀pá wọn kan ògiri, wọ́n ní, “Láti ibí, ìṣísẹ̀ ogún sí inú, ní ọwọ́ ọ̀tún.” Mo dúró sí ibi tí ọ̀pá náà kàn, mo ka nọ́ńbà méjèèjì tí ó wà lójú fóònù mi, mo sì kọ ọ́ báyìí: Ìsọlọ̀, Kólónì Èkó, Nàìjíríà, oko ara rẹ̀, nísisìyí nínú Isolo Industrial Estate, nọ́ńbà yìí jẹ́ ti ògiri, ibojì wà ní ìṣísẹ̀ ogún sí inú, lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ rẹ̀ ni ó fi hàn. Mo fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọjọ́ náà, nwọ́n sì ti pa tiwọn rẹ́, wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀.