Ohun Tí Mo Bá Nínú Agolo Màámi

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi àpèjẹ àyájọ́ ọdún mẹ́wàá, ní Àtàn-Ọ̀tà)

  

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Akọ̀wé wa fún mi, wọ́n sì ti ń wo aago. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé ìrántí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, wọ́n ní kí n gba fọ́tò ìgbà èwe lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, mo tún un kọ. Èèyàn mẹ́rin péré ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́, bíi pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí i. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi náà kò tíì mú tèmi wá. Ni mo bá gba ilé wa lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kí Màámi bá mi wá fọ́tò.

Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí gbogbo ẹrù wọn wà. Wọ́n ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí onírin kan ni mo fà jáde. Aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣègbéyàwó ló wà lókè, tí òórùn kánfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà ni agolo bisikíìtì ńlá kan wà. Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ṣíbí ni mo fi ṣí i.

Fọ́tò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Káàdì ìdánimọ̀ Bàámi láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà wà níbẹ̀, ojú wọn le nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ òfin mú. Ìwé NPF wọn náà wà níbẹ̀, ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1961 fún òṣìṣẹ́ láti máa fi owó ọjọ́ alẹ́ pamọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di NSITF ní 1993. Báńkì ni mo ti ń jẹun, nítorí náà ìwé owó ni mo kọ́kọ́ dúró tì. Ẹ má bú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdì owó kan. Rọ́bà tí wọ́n fi dì í ti yọ́ mọ́ ọn lára. Ogún náírà mẹ́jọ, Múrí àtijọ́, irú èyí tí àwọn tó wà ní ìrọ̀ wa kàn rántí bí àlá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nítorí àwọn ọmọ wa tó jókòó lẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀, tí pọ́n-ùn àti ṣílè fi kógbá sílé. Ogún náírà, pẹ̀lú àwòrán Ọ̀gágun Murtala Muhammed, dé ní 1977, kò sì sí owó tó tóbi jù ú lọ títí àádọ́ta náírà fi jáde ní 1991. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun kéde pé àwọ̀ owó ń yí padà. Náírà kan, márùn-ún, mẹ́wàá, ogún, gbogbo wọn ni. Bébà àádọ́ta kọ́bọ̀ nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Wọ́n ti àwọn ibodè pa, Ìdírọ̀kọ̀ wa yìí wà nínú rẹ̀, kí owó tí àwọn kan ti kó sọdá má bàa ráyè padà wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, ó parí. Ẹni tí kò bá tíì pààrọ̀ tirẹ̀, bébà ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ètò náà kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ogún náírà mẹ́jọ jẹ́ N160. Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe tó, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ láti 1981 jẹ́ N125.

Mo na owó náà sókè, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, irú ahun wo lẹ ṣe tí owó fi kú mọ́ yín lọ́wọ́?"

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, owó ilé ìwé àǹtí ẹ nìyẹn."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ.

Ní 1984 yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń parí ìwé mẹ́fà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Màámi ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Àtàn, wọ́n ń já díẹ̀díẹ̀ pamọ́ láìjẹ́ kí Bàámi mọ̀, kí Àǹtí lè rí aṣọ ilé ìwé, ìwé, bàtà àti owó mọ́tò tí wọn yóò fi wọ ilé ìwé gíga. Inú agolo bisikíìtì yìí ni owó náà wà. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ owó yẹn gan-an ni gìrì gbé mi. Ọsibítù kan l'Ékòó ni wọ́n gbé mi lọ, ọjọ́ mẹ́tàlá sì ni Màámi fi sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé wọn kò gbọ́ ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Gbogbo ọsibítù ló ń sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ń sá jáde lọ tò sí báńkì. Mo ní Bàámi ń wá wò wá, kí ló dé tí wọn kò sọ fún Bàámi pé owó wà nínú agolo? Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Mo gbàgbé. Ìwọ ni mò ń wò."

Nígbà tí a délé, ọjọ́ ti lọ. Màámi ní àwọn ń sunkún nígbà tí àwọn fi owó náà han Bàámi, àwọn rò pé Bàámi yóò bínú pé àwọn fi owó pamọ́ fún wọn. Bàámi kà á, wọ́n dá a padà sínú agolo, wọ́n ní, "Owó ló lọ, ọmọ ò lọ."

Àǹtí kò wọ ilé ìwé gíga lọ́dún náà. Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, owó kò tíì pé. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra èròjà láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Agbára nígbà náà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ní 1987 ó kan Bàámi, wọ́n padà sídìí oko ẹ̀gẹ́. Nígbà yẹn Àǹtí ti wà nídìí iṣẹ́ aránṣọ.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi nílé yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ní Àǹtí kò fẹ́ràn ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà mọ̀ ọ́n, Àǹtí fúnra wọn ló sì máa ń sọ ọ́ jù.

Ó ku ohun kan nínú agolo náà. Káàdì àjọ, mẹ́tàlélógún. Ẹ̀yin tí ìyá yín dá àjọ mọ̀ ọ́n: ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n lójú káàdì, alájọ á wá lójoojúmọ́, á gba owó, á sàmì sí ilé kan, tó bá di ìparí oṣù á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún ẹ. Orúkọ Àǹtí ló wà lórí gbogbo wọn. Èyí tó dàgbà jù jẹ́ ti 1991, ọdún tí mo wọ ilé ìwé gíga, náírà méjì lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di 1996 ó ti di náírà mẹ́wàá. Ti oṣù keje ọdún 1994 ní àlàfo púpọ̀. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo yanṣẹ́ lódì ni, tí mọ́tò kò rìn, tí ọjà dùbúlẹ̀. Àmọ́ kò sí káàdì kan tí kò ní àmì rárá. Lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan ni Àǹtí fi bírò kọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Owó ilé ìwé. Ìwé ìṣirò. Bàtà. Owó WAEC. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí.

Mo fi iṣẹ́ báńkì ṣe ìṣirò káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún lórí fóònù mi níbẹ̀. N kò ní sọ iye tó jẹ́. Ó kéré sí ohun tí a fi ra ọtí sórí tábìlì kan lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi di ti máìkì. Nígbà tí Àǹtí ṣe àádọ́ta ọdún ní 2022, ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní máìkì, mo sì dá àpárá. Mo ní, "Àǹtí mi sá fún ìwé, ìwé wá dé bá àbúrò wọn." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Orí máìkì ni mo ti sọ ọ́, orí máìkì náà ni mo fẹ́ ti kó o jẹ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣí agolo yẹn. Ní oṣù kejì 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà, màmá kan wá bá mi ní káńtà pẹ̀lú owó àtijọ́ nínú ọ̀rá, ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti kọjá. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú aláìsàn ni. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí báńkì àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Òtítọ́ ni mo sọ, ohun tí òfin wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo tún fi kún un pé, "Màmá, gbogbo ayé ló gbọ́, kí lẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ padà dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí owó náà ṣì máa jẹ́ níná. N kò mọ bí owó màmá náà ṣe já sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹnì kan ṣe bi Màámi léèrè nìyẹn ní 1984, nígbà tí èmi wà lẹ́yìn wọn.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kó káàdì náà dání. Wọn kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ta ló fi hàn ẹ́?"

"Màámi."

"Màámi ti ń darúgbó. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní n kò wá jẹun. Mo béèrè pé kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Inú ẹ ń dùn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá ba àsè ara mi jẹ́ ni?" Wọ́n ní nígbà tí gìrì yẹn gbé mi, àwọn rí bí ojú mi ṣe yí, àwọn bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ohunkóhun tó bá fẹ́. "Ó gbà á tán, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣírò?" Wọ́n padà sórí ẹ̀rọ. Aṣọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ń rán, èyí tó wà lọ́rùn wa yìí. Ju ìdajì yín lọ, Àǹtí ló wọ̀n yín. Àwọn tí kò tíì san owó ìránṣọ tán mọ ara wọn. N kò dárúkọ.

Ìwé ìrántí ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà náà. Nínú ìtàn ìgbésí ayé mi tó wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé Bàámi ló rán mi ní ilé ìwé. Mo pe atẹ̀wé, mo san owó àtúnṣe láti àpò ara mi, Akápò ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá ṣí i lónìí, ẹ máa rí i pé Bàámi, Màámi àti Àǹtí ni mo kọ, mo sì kọ iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Fọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá láti inú agolo náà: èmi nínú aṣọ ilé ìwé tuntun ní 1991, ṣòkòtò mi gùn jù mí lọ, Àǹtí dúró tì mí pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

Ogún náírà mẹ́jọ yẹn, mo fẹ́ fi dígí sí i kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Màámi kọ̀. Wọ́n ní kí n dá a padà sínú agolo, pé wọn kò fún mi. Mo ti dá a padà.

Àǹtí mi wà nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n wà ní tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ iwájú. Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ dìde dúró díẹ̀, kí àwọn èèyàn mi rí yín.