Òtútù Àyà Lára Ọmọdé àti Abẹ́rẹ́ Tí Ń Dènà Rẹ̀

Ikọ́ wọ́pọ̀ lára ọmọdé, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń jìn wọnú bí ó ti ń mí, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ikọ́ lásán. Kí ìyá ka èémí rẹ̀ nígbà tí kò sunkún. Bí ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 bá mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 4 bá mí tó ìgbà 40, òtútù àyà ni kí ó fura sí, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àgbo àti òróró ìpara kò lè pa kòkòrò tí ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Pneumococcus ni orúkọ kòkòrò tí ó ń fa púpọ̀ nínú èyí tí ó le. Imú ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó sábà ń fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bá ikọ́ àti sísín bọ́ sára ẹlòmíràn. Bí ó bá wọ etí, etí a ṣọyún; bí ó bá dé awọ tí ó bo ọpọlọ, ọmọ tí ó tilẹ̀ yè é lè di adití. Ewu rẹ̀ pọ̀ gidigidi fún ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Wọ́n ti ń wá ìdènà rẹ̀ tipẹ́. Ní 1911, Almroth Wright dán abẹ́rẹ́ kan wò lára àwọn tí ń wa wúrà ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò yọrí sí rere tó bí ó ti rò. Oríṣi kòkòrò yìí ju 90 lọ, ẹ̀wù ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ara tí ó dá ọ̀kan mọ̀ lè má dá òmíràn mọ̀. Abẹ́rẹ́ olóríṣi 23 jáde ní 1983, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni àrùn náà ń pa jù. Ó di ọdún 2000 kí ti ọmọ ọwọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ìparí 2014.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un ní itan: nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Itan lè wú díẹ̀, ara sì lè gbóná. Ó ṣeni láàánú pé nítorí èyí ni àwọn ìyá mìíràn kì í fi í padà wá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Ìyá tí ọjọ́ ti yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tijú. Kí ó mú káàdì ọmọ rẹ̀ dání, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì, kí wọ́n bá a parí èyí tí ó kù.