Kí ẹ tó gbé mọ́tò yín sínú ọkọ̀ ojú omi

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun sọ níbi ìpàdé orí Zoom

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò, torí pé àwọn kan nínú wa ń múra àtibọ̀ wálé pátápátá, wọ́n sì fẹ́ gbé ọkọ̀ wọn dání. Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní èbúté Èkó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ ni n ó sọ.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé ẹni tó ń kó bọ̀ wálé kì í san owó ibodè. Lóòótọ́, òfin fàyè sílẹ̀ fún aṣọ àti ẹrù ilé tí ẹ ti lò. Mọ́tò ò sí lára wọn. Ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́jọ lẹ fi wà á ní Houston, lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, tòkunbọ̀ ni, ẹ máa sanwó ẹ̀.

Ẹ̀yin ará London, tiyín ló le jù, ẹ má bínú. Láti 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí sítíárìn ẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn ò gbà á wọlé. Àwọn kan á ní mẹkáníìkì lè yí i sí òsì. Ó lè yí i o, àmọ́ èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi wọ ọkọ̀ tí wọ́n tú sítíárìn àti búréèkì ẹ̀ palẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ tà á sí London, kí ẹ gbé owó ẹ̀ bọ̀. Ìdí yìí náà ni mo fi ní kí ẹ fara balẹ̀ lórí ambúláǹsì tí ẹ̀ka yín fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wa. Ambúláǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣebí apá ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà?

Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, sítíárìn tiyín bá wa mu. Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Tẹ́lẹ̀, ọdún 15 ni òfin fún wa. Ó ti di 12 báyìí, láti ọdún tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ọdún tí ẹ rà á. Title ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà máa gba òun àti ẹ̀dà ẹ̀ ní wákàtí 72, ó kéré tán, kí ọkọ̀ tó kúrò. Tí gbèsè báǹkì bá wà lórí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá bi mí, Corolla ni kí ẹ gbé wá. Kò sí mẹkáníìkì ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó ku owó. Láti 2022, owó ibodè tòkunbọ̀ jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́fì jẹ́ 15. Ká ní wọ́n dá $6,000 lé ọkọ̀ yín. Méjèèjì di $2,100, a ò tíì ka VAT àti owó kéékèèké. Náírà lẹ máa fi san án. Ṣáájú Oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí ₦422 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣírò dọ́là kan: kò tó ₦900,000. Nígbà tó fi di Oṣù Kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,400: owó kan náà di nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta. Mọ́tò ò yí padà o! Kì í sì í ṣe iye tí ẹ rà á ni wọ́n ń wò. Nọ́ńbà VIN, àwọn lẹ́tà àti fígọ̀ 17 yẹn, ni wọ́n fi ń wá iye ẹ̀ jáde. Rìsíìtì $500 tí ẹ̀gbọ́n yín kọ fún yín ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ gba Kútọnu. Láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2017, mọ́tò kankan, tuntun tàbí tòkunbọ̀, kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, kódà bí ẹ ti ń lò ó.

Ibi tí owó ti ń jóná jù ni pé ọkọ̀ ti dé, ìwé ò pé. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní èbúté. Lẹ́yìn ẹ̀, owó ìdúró ń gorí ara ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ torí owó ìdúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ló fi rà á. Àbúrò tó ní kó bá òun gbà á jáde ti ná owó tó fi ránṣẹ́. Mi ò sọ pé ẹ má fọkàn tán ẹbí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ajẹ́ńtì fi ìwé ìdíyelé kọ́sítọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ san owó ìjọba ní báǹkì fúnra yín, kí owó iṣẹ́ ajẹ́ńtì wà lọ́tọ̀. Ìwé yẹn náà lẹ máa mú lọ gba nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ má sì kó táyà àlòkù sínú búùtù fún ẹnikẹ́ni, òfin kò gbà á wọlé.

Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ kan lọ́kàn, kó fi ọdún tí wọ́n ṣe é àti VIN ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe sórí gúrúùpù, kó tó san owó ọkọ̀ ojú omi. Màá bá a ṣírò ẹ̀.